Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ìwé Ilé? Àtúnkà «Une si longue lettre» ti Mariama Bâ

Bí a bá dárúkọ «Une si longue lettre» láàárín àwọn tó kàwé ní èdè Faransé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ orogún ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ bà. Wọn a ní: ìwé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lọ fẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe kà á nígbà èwe wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún un kà ní ọjọ́ orí tí a ti ń san owó iná àti owó ilé-ìwé ọmọ, a rí i pé ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ojú wa ti fò dá. Owó ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tó ń kọ lẹ́tà náà ń ṣírò owó: iye tí wọ́n mú wá síbi òkú, iye tí ọkọ yá, iye tó ń san lóṣooṣù, ẹni tó ra ọkọ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilé. Èrò wa ni pé ẹni tí kò bá tẹ̀lé ipa owó náà kò tíì ka ìwé yìí tán.

Mariama Bâ, tí a bí ní Dakar ní ọdún 1929, olùkọ́ ni kó tó di òǹkọ̀wé. Ilé-iṣẹ́ Nouvelles Éditions Africaines ló tẹ ìwé náà jáde ní 1979. Ní 1980, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Noma. Nígbà tó di 1981, ó ti jáde láyé. Lẹ́tà gígùn kan ni gbogbo ìwé náà. Ramatoulaye, olùkọ́bìnrin, ìyá ọmọ 12, ń ṣe opó ọkọ rẹ̀ Modou Fall, ó sì ń kọ̀wé sí Aïssatou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó wà ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti jọ gbé ni Modou fẹ́ Binetou, ọ̀rẹ́ Daba ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó sì fi ìyálé àti àwọn ọmọ sílẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn.

Ibi òkú gan-an ni ìṣírò ti bẹ̀rẹ̀. Ramatoulaye rántí pé láyé àtijọ́, ọkà, ẹran ọ̀sìn àti oúnjẹ ni ará ń gbé wá láti fi bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Nísinsìnyí, owó bébà ni wọ́n ń nà sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Ta ló sì kó owó náà lọ? Ìdílé ọkọ ni. Àwọn tó máa jẹun lọ́la nínú ilé náà, opó àti àwọn ọmọ, ọwọ́ wọn ṣófo. Òǹkọ̀wé kò pariwo lórí èyí. Ó kàn sọ ọ́, ó sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó rí nídìí ìsìnkú ní ilẹ̀ wa, tó ti rí bí wọ́n ṣe ń na owó lórí aṣọ àti ọtí nígbà tí opó ń ronú owó ilé-ìwé, á dúró níbẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ tí wọ́n ń pín ogún, tí àṣírí òkú ń tú gẹ́gẹ́ bí òfin Mùsùlùmí ti là á sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkàn ìwé náà wà lójú tiwa. Ramatoulaye gbọ́ pé gbèsè ni ọkọ òun kú sí. Ilé SICAP tí Modou fi Binetou sí àti gbogbo ohun olówó iyebíye inú rẹ̀, owó báńkì ni ó fi rà wọ́n, ilé tí Ramatoulaye àti àwọn ọmọ ń gbé ni ó sì fi ṣe ìdógò. Orúkọ Modou ló wà lórí ìwé ilé yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni owó tí tọkọtaya jọ fi pamọ́ ni wọ́n fi rà á. Lórí èyí, ó tún ń san 75.000 fáráǹkì lóṣooṣù fún SICAP, yóò sì tó nǹkan bí ọdún 10 kí ilé náà tó di tirẹ̀. Mílíọ̀nù 4 ló yá. Nínú rẹ̀ ni ìyá àti bàbá Binetou ti rí owó lọ sí Mẹ́kà, nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ Alfa Romeo ti wá. Owó CFA kan náà ni àwa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná. A mọ bí ẹrù yẹn ti wúwo tó ní ìgbà náà.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí a kò rántí pé a ti rí ẹni tó tẹnu mọ́ ọn tó. Ramatoulaye sọ pé ìgbà náà ni ó tó yé òun ìdí tí Modou fi pa owó tí wọ́n jọ ń fi sí báńkì tì: ó fẹ́ dá dúró lórí owó tirẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè gbòòrò láti ṣe ohun tó wù ú. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Nínú ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní ìwé òmìnira obìnrin, ọkùnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá òmìnira owó, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Aya rẹ̀ ní iṣẹ́, ó ní owó oṣù, ó ní ìwé ẹ̀rí. Ohun tí kò ní ni ojú lórí ìṣírò ilé. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn máa rí owó àti kí owó ẹni wà lábẹ́ àṣẹ ẹni. Ìyàtọ̀ yìí ni Mariama Bâ fi lẹ́tà rẹ̀ hàn wá.

Ẹ wo bí ó ti to àwọn obìnrin yòókù yí i ká. Ìyá Binetou, tí ìwé náà kò fi orúkọ mìíràn pè ju «Ìyá Ìyàwó» lọ, ní ìwé kan lọ́wọ́: Modou ti fọwọ́ sí i pé òun yóò máa san 50.000 fáráǹkì lóṣooṣù fún Binetou, bí ẹni ń san owó iṣẹ́, nítorí pé ó mú un kúrò ní ilé-ìwé. Obìnrin náà ń fi ìwé yìí halẹ̀, ó gbà pé ogún òkú ni yóò máa san án lọ. Daba náà mú ìwé tirẹ̀ jáde: ìwé tí huissier kọ ní ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú gan-an, tó ka gbogbo ẹrù inú ilé SICAP ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹrù tí wọ́n ti jí gbé pamọ́ hàn kedere. Àgbàlagbà kan tí ojúkòkòrò kọ́ lọ́gbọ́n, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ilé-ìwé kọ́ lọ́gbọ́n: àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìwé ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnu bá dákẹ́. Ramatoulaye tó fi ọdún 25 kọ́ ilé náà ni kò ní ìwé kankan.

Binetou ni ó ṣe wá láàánú jù. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ó fẹ́ ṣe ìdánwò bac. Wọ́n fi 50.000 lóṣooṣù àti ọkọ̀ dí i lójú, wọ́n gba ọjọ́ iwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí Modou kú ni owó náà tán. A lè fi í wé ẹni tí wọ́n ń bu omi fún lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ti dí kànga rẹ̀.

Ní òdìkejì rẹ̀ ni Aïssatou, ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà, wà. Nígbà tí ọkọ tirẹ̀ fẹ́ ìyàwó kejì nítorí ọ̀rọ̀ ìran, ó kó ọmọkùnrin rẹ̀ 4, ó fi ilé sílẹ̀. Ó padà sídìí ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ ní Faransé, wọ́n sì gbà á sí ilé aṣojú Sẹ̀nẹ̀gàl ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó gbọ́ pé Ramatoulaye àti àwọn ọmọ ń fara gbá nínú ọkọ̀ èrò, òun ló ra Fiat 125 fún un. Ramatoulaye kọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹ̀rù bà á, ó sì borí ẹ̀rù náà. Tipẹ́ ṣáájú, nígbà tí ọkọ ti lọ, ó ti kọ́ bí a ṣe ń san owó iná àti omi kí ọjọ́ tó kọjá, bí a ṣe ń pààrọ̀ àgádágodo tó bàjẹ́. Àwọn ojú ewé wọ̀nyí kò ní ariwo, ṣùgbọ́n àwọn ni a fẹ́ràn jù nínú ìwé náà. Níbẹ̀ ni a ti rí obìnrin tó ń di olórí ilé rẹ̀ ní ìdákọ̀ọ̀kan, láti orí ìwé owó iná kan dé òmíràn.

Síbẹ̀, ìyìn wa ní ààlà. Nígbà tí Tamsir, ẹ̀gbọ́n Modou, wá sọ pé òun yóò ṣú Ramatoulaye lópó, ó lé e jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó mú bí abẹ. Ó rán an létí pé owó rẹ̀ kò tó bọ́ ìyàwó mẹ́ta tó ti ní: ọ̀kan ń pa aṣọ láró, ọ̀kan ń ta èso, ẹ̀kẹta ń yí kẹ̀kẹ́ ìránṣọ láìsinmi, kí ilé má bàa tú. Ìdáhùn náà dára púpọ̀, gbogbo òǹkàwé ló ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pàtẹ́wọ́ tán, a bi ara wa léèrè: àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn ńkọ́? Gbólóhùn kan péré ni ìwé náà yà sọ́tọ̀ fún wọn, láti fi dójú ti ọkọ wọn. Ta ló ń pa owó aró mọ́? Èrè èso, àpò ta ló ń wọ̀? Mariama Bâ kò béèrè. Ojú olùkọ́ ni ó fi ń wo ayé: ọ̀nà òmìnira tó rí gba inú ilé-ìwé àti ìwé ẹ̀rí kọjá. Obìnrin ọjà, tí kò mọ̀wé ṣùgbọ́n tó mọ ìṣírò, kò rí àyè jókòó nínú ìtàn rẹ̀. Àléébù ìwé náà nìyí lójú tiwa.

A sọ èyí nítorí ibi tí a ti wá. Ní ilẹ̀ wa, àpò ọkọ àti àpò aya kì í ṣe ọ̀kan. Ọkọ lè fún ìyàwó ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ṣùgbọ́n òwò náà di ti ìyàwó, èrè rẹ̀ di tirẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń ta gàrí, epo àti aṣọ ní ọjà Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ ń dá èsúsú, wọ́n mọ ọjọ́ tó kàn wọ́n, wọ́n mọ iye tí wọ́n jẹ ẹlòmíràn. Ní àwọn ọdún tí Mariama Bâ ń kọ̀wé rẹ̀ gan-an, àwọn obìnrin aláṣọ ní Lomé, tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, ń ra ọkọ̀ Mercedes láti inú èrè aṣọ wax. Àwọn òbí wa tí wọ́n sọ pé «àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní» mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nítorí náà a lè fẹ́ rò pé wàhálà Ramatoulaye jìnnà sí wa. Kò jìnnà. Àpò obìnrin wa jẹ́ tirẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí owó náà bá wà nínú ọjà. Ní ọjọ́ tí ó bá di bíríkì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyàwó a dá èsúsú, a kó o fún ọkọ láti fi ra ilẹ̀. Ọkọ a lọ fọwọ́ sí convention ní orúkọ tirẹ̀ nìkan, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyàwó a ra sìmẹ́ńtì, a ra páànù, a bọ́ àwọn bíríkìlà. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọlọ́jọ́ bá dé, àwọn ẹbí a dé pẹ̀lú ìwé náà. Ìyálọ́jà tó lè sọ gbèsè oníbàárà 20 láìwo ìwé kò ní lè fi ẹyọ bíríkì kan hàn pé tòun ni. Ibi tí ọgbọ́n olùkọ́ Dakar àti ọgbọ́n ìyá ọjà Kétu ti jọ kùnà nìyẹn.

Àwọn kan á sọ pé bí aya bá ń béèrè orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé, ó ti ń dúró de ikú ọkọ. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa pàápàá. Ìwé tí à ń wí yìí ló ti fèsì. Ramatoulaye fẹ́ràn Modou. Ó fẹ́ràn rẹ̀ títí dé ọjọ́ ikú. Ìfẹ́ yẹn kò dá báńkì dúró láti gba ilé náà ní ìdógò, nítorí pé ẹnu ìwé ni báńkì ń wò. Bí orúkọ méjì bá ti wà lórí rẹ̀, Modou ìbá ti ní láti béèrè kí ó tó ṣe é. Bí ó bá sì ti béèrè, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá ti yọjú nígbà tí ó ṣì ní àtúnṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìwé náà kò nípọn, ẹ tún un kà. Àwọn olùkọ́ tó ń fi í kọ́ àwọn ọmọ, ẹ má ṣe parí rẹ̀ sórí orogún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò owó inú rẹ̀ sójú pátákó, kí wọ́n rí ibi tó gbà lọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò sì mọ Faransé, kó jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kó sọ ìtàn náà fún un ní èdè wa. Nígbà tó bá dé ibi tí ilé di ìdógò, kó dẹ́nu dúró. Ìyá náà ni yóò béèrè fúnra rẹ̀ pé: orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé?