Tíṣà Ni Orúkọ Mi

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, tí àwọn òbí ń wọ́ tọmọtọmọ lọ sílé-ìwé bí ẹni ń lọ síbi ọdún, tí a sì ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ kọjá lórí kí ó fi kan etí kejì kí a tó gbà á, mo wà lára àwọn ọ̀dọ́ onípele Ìwé Mẹ́fà tí a sáré kó jọ láti kọ́ wọn. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ọkàn mi wà; bí ẹni tí òjò ká mọ́nà ti í yà sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé ni mo ṣe yà sídìí iṣẹ́ tíṣà.

Kíláàsì A-B-D ni wọ́n fi mí sí, nítorí àṣà búburú kan wà, tí kò tíì tán títí di òní, pé tíṣà tí kò mọṣẹ́ ni a ń fún ní ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan. Ọmọ àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó jókòó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìlanu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sára pátákó: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, mo sì ń fi ohùn dò-re-mí hàn wọ́n bí àmì kékeré tí a fi lé orí lẹ́tà kan ṣoṣo ti ń sọ baálé ilé di ohun tí à ń wọ̀ rìnrìn-àjò, tí ó tún ń sọ ọ́ di irinṣẹ́ oko. Bí mo ti pe ẹ̀kẹta, ọmọ náà dìde, ó nàka sí pátákó, ó ní, "Ti bàbá mi nìyẹn!" Orí mi wú, omi sì lé ròrò sójú mi. Ọkọ́ tí baba rẹ̀ ń gbé kọ́ èjìká lọ sóko ni ó rí nínú ẹfun lásán. Ọjọ́ náà ni òjò mi dá, n kò sì kúrò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò wọn ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ gbogbo, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ ọlọ́kọ́ ti kọ́ mi.

Wọ́n ní ọ̀run ni èrè tíṣà wà. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mo ti gbà nínú tèmi níhìn-ín. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu aráyé: Tíṣà ni mí lọ́jà, Tíṣà ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Tíṣà sì ni wọ́n ń pe ìyá tí ó bí mi títí ó fi wọ káà ilẹ̀ sùn. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n máa kọ́ A-B-D lọ, wọ́n sì gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín kíláàsì lónìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àwọn ọmọ A-B-D lé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́. Ẹni tí iṣẹ́ náà bá yé jù lọ ni kí ẹ fún.