Ta Ló Yàn? Àyànmọ́ àti Ìgbàlà, láti Kumasi dé Ilẹ̀ Yorùbá

Nínú Bíbélì Yorùbá, "yàn tẹ́lẹ̀" ni àwọn atúmọ̀ pe ìpinnu Ọlọ́run lórí àwọn tí yóò là, nínú orí kẹjọ ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò bá ilé lófìfo. Kí Bíbélì tó dé ni Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Àwọn Mùsùlùmí sì ti mú kádàrá wá pẹ̀lú. Nítorí náà, bí oníwàásù bá ní Ọlọ́run ti yan àwọn tirẹ̀, ohun tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ń gbọ́ lè máà jẹ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ.

E. Bolaji Idowu wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ jinlẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ orí wò. Àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ni, ó sì di olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Nínú *Olódùmarè: God in Yoruba Belief* (1962), ó ṣàlàyé pé ìpín ènìyàn lè jẹ́ ohun tó kúnlẹ̀ yàn, ohun tó kúnlẹ̀ gbà, tàbí ohun tí a yàn mọ́ ọn. Ó tún fi hàn pé ìpín kì í ṣe òkúta: ìwà ènìyàn lè bà á jẹ́, ọmọ aráyé náà sì lè bà á jẹ́. Ibi tí ìwé náà lágbára jù nìyí, nítorí ó pa àwọn tó ń sọ pé Yorùbá gbà pé gbogbo nǹkan ti parí lọ́run lẹ́nu mọ́.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a lọ síwájú sí i. Nínú àkúnlẹ̀yàn, ènìyàn ló kúnlẹ̀, òun náà ló yàn. Nínú ìwé Pọ́ọ̀lù, Ọlọ́run ló yàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n olùwà ti yí padà. Èkejì, orí jẹ mọ́ ìpín ènìyàn láyé: ọlá, ọmọ, iṣẹ́ àti ọjọ́ ikú. Ìgbàlà jẹ mọ́ ipò rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò máa fi owó àti àlàáfíà ara wọn ìgbàlà, bí ẹni pé òtòṣì ni Ọlọ́run kọ̀ sílẹ̀.

Ìtàn Ifá nípa Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, tan ìmọ́lẹ̀ síbí. Afùwàpẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló lọ yan orí. Àwọn ọ̀rẹ́ náà mú èyí tó dára lójú wọn, òjò sì bà á jẹ́ lọ́nà. Segun Gbadegesin, nínú ìwé rẹ̀ ti 1991, béèrè bóyá ẹni tí kò mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára yàn ní tòótọ́. Ìbéèrè náà gún régé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Afùwàpẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìdáhùn kan. Ó ti dífá, ó ti rúbọ, nítorí náà ó rí ẹni tó ràn án lọ́wọ́ láti yan orí rere. Kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀ nìkan ló gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni kò jókòó tẹtẹrẹ.

Àríyànjiyàn yìí gan-an ló ti wà nínú Ìjọ láti ìgbà Augustine (354–430), ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tó bá Pelagius jà. Pelagius ní ènìyàn lè yan rere; Augustine ní láìsí oore-ọ̀fẹ́, ìfẹ́-inú rẹ̀ wà nínú ìdè. Ìgbìmọ̀ Orange, ní 529, di oore-ọ̀fẹ́ mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti gbà pé Ọlọ́run yan ẹnikẹ́ni sí ibi. Calvin lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbìmọ̀ Dort (1618–1619) sì dá àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius lẹ́bi. John Wesley dìde ní 1739 láti wàásù pé oore-ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn, ó ń ṣáájú ènìyàn, ènìyàn sì lè kọ̀ ọ́. Afùwàpẹ́ sún mọ́ Wesley ju Calvin lọ.

Ìwàásù Wesley yìí náà ló so Kumasi mọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, wọ Kumasi ní 1839. Ní 1842, ó dé Badagry àti Abẹ́òkúta. Ní Kumasi, ó bá nkrabea, ìpín tí Akan gbà pé ọkàn gbà lọ́dọ̀ Ọlọ́run kí ó tó wá sáyé. Àwọn oníṣòwò Yorùbá náà wá gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi kalẹ̀ ní Ghana. Ẹni tó bá ń gbé ní Dichemso lè gbọ́ ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì, ti Presbyterian àti ti Onítẹ̀bọmi nínú ìlú kan ṣoṣo.

Ìdánwò ńlá dé ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, 1969. Ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ilé, ọjà àti ìjọ sílẹ̀. Ní 1983, ìjọba Shagari ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Ghana ní Nàìjíríà. "Àyànmọ́ ò gbóògùn" lè tu ẹni tó pàdánù nínú, kò sì yẹ kí a gba ìtùnú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọ bá pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ìpinnu Ọlọ́run, ó ti dá àwọn tó fọwọ́ sí i láre. Ènìyàn ló yàn án. Ènìyàn ni yóò jíhìn rẹ̀.

Òṣùwọ̀n tó yẹ kí a fi wọn gbogbo ẹ̀kọ́ yíyàn nìyí. Èyí tó bá mú kí onígbàgbọ́ dúpẹ́ pé òun kọ́ ló gba ara òun là jẹ́ ti Pọ́ọ̀lù. Èyí tó bá mú kí alágbára wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í ṣe ti Pọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ti Ifá, nítorí Yorùbá ti ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.