Ohùn Kan Náà

Ẹ pe onílù dùndún kan, kí ẹ ní kó lu "bàbá àgbà" fún yín. Bó bá lù ú tán, ẹ ní kó lu "ìyá àgbà". Ohun kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Ìlù ò ní ètè, kò ní ahọ́n, ohùn nìkan ló ní. Bó bá ti pe bàbá, ó ti pe ìyá, ó ti pe ẹ̀gbọ́n, ó ti pe ọ̀rẹ́. Àbúrò ní tiẹ̀ bọ́ sọ́tọ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ èyí, mi ò tíì pé ọmọ ọdún méje. Bàbá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa l'Ẹ́dẹ, wọ́n gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, wọ́n lu ohùn mẹ́rin yẹn. Ìyá àgbà dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ẹ̀n ẹ́n, mò ń bọ̀." Wọ́n jáde, ọwọ́ wọn funfun fún èlùbọ́. Bàbá àgbà ní, "Ta ló pè ọ́? Ara mi ni mò ń kí." Ìyá àgbà wò wọ́n títí. "Ó dáa náà. Kí ara yín lọ ro àmàlà fún yín." Wọ́n yíjú padà, wọ́n wọlé. Èmi ni Bàbá àgbà ní kí n lọ bá àwọn bẹ̀ wọ́n.

Ilé Àyàn ni a bí Bàbá àgbà sí, Àyàn ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo ọkùnrin ìdílé náà. Ayé Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ni wọ́n di géńdé, ọba tó gorí oyè ní 1946, tó sì wà níbẹ̀ títí di 1975. Ọba yẹn kì í ṣe ẹni tí à ń lùlù fún nìkan. Òun fúnra rẹ̀ a máa gbé ìyáàlù, a sì máa fi sọ̀rọ̀. Àròkọ tó kọ lórí ìlù Yorùbá jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959. Bàbá àgbà ò mọ̀wé. Ẹnì kan ka díẹ̀ níbẹ̀ fún wọn, inú wọn dùn, wọ́n ní ó parí, kò sẹ́ni tó tún lè pe onílù ní alágbe l'Ẹ́dẹ mọ́, nígbà tí ọba ti jẹ́ ọ̀kan nínú wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààfin kọ́ ni mo fi ń rántí wọn. Òwúrọ̀ ni. Àwa ọmọ-ọmọ mọ́kànlá la wà nínú ilé, ìlù ni wọ́n sì fi ń jí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo oríkì wa: Àjàní, Àlàbí, Àkànní, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́. Ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè ni gbogbo wọn. Bí ìlù bá pe ẹnì kan, gbogbo wa la ti gbọ́ tiwa. À á ká ẹsẹ̀ kò lórí ẹní, à á máa retí ohun tó kàn. "Àjàní tó sùn tí ò gbọ́ ohùn àkùkọ." Ó ti kàn mí nìyẹn. "Àṣàkẹ́ tó ń sá fómi tútù." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á fi aṣọ borí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ìlù fi ń gùn nìyẹn. Ẹni tí ò mọ̀ máa ń rò pé onílù kàn ń fa ọ̀rọ̀ gùn kí owó lè pọ̀ ni. Irọ́ kọ́ ni pátápátá. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ò tó mú ènìyàn lórí ìlù. Àfi kí o mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tí kò sí lára ẹlòmíràn. Ìyá àgbà náà ní tiwọn. Bí Bàbá àgbà bá fẹ́ kí wọ́n wá lóòótọ́, wọn á lu ohùn mẹ́rin yẹn, wọn á fi kún un pé, "oníná tó ń mú awọ gbẹ."

Ọ̀rọ̀ òjò nìyẹn jẹ́. Lásìkò òjò, awọ ìlù a máa rọ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, ìyáàlù á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú. Òkè ààrò Ìyá àgbà ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí kó tó tún le. Ìyá àgbà á kùn pé ìlù ti kọ́kọ́ yáná kí ọbẹ̀ tó yá a, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló ń koná sí i. Títí dòní, bí mo bá gbé imú sún mọ́ ìlù yẹn, òórùn èéfín ilé ìdáná ni mò ń gbọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ mi ni mo ń jẹ. Mò ń lu ìlù, mo sì ń bo awọ mọ́ èyí tó bá bẹ́. Igi ọmọ̀ là ń gbẹ́ ìlù lára rẹ̀. Bàbá àgbà gbà pé èyí tó bá hù lẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn láti kékeré. Mo ti lo ti ẹ̀bá ọ̀nà, mo ti lo ti inú igbó, etí mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ti ẹ̀bá ọ̀nà náà ni mo ṣì ń wá.

Awọ ewúrẹ́ kékeré là ń lò. A ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, a ó fá irun rẹ̀, a ó wá fi abẹ họ ọ́ títí yóò fi tín-ín-rín débi pé bí o bá nà án síwájú fìtílà, iná á hàn ní òdìkejì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń gbọ̀n. Bí abẹ bá fi díẹ̀ kọjá, awọ ti lu, ewúrẹ́ ti kú lásán. Lẹ́yìn náà ni a ó ká a mọ́ òrùka, a ó fi ọsán so ojú méjèèjì pọ̀, lọ sókè, bọ̀ sílẹ̀, yí gbogbo ìlù po. Ọsán yẹn ni apá ń fún tí ohùn fi ń gòkè. Bó bá gbẹ tán, Bàbá àgbà á fi èékánná ta á, wọn á gbé etí sún mọ́ ọn, wọn á dijú. Mo rí wọn tí wọ́n tú iṣẹ́ ọjọ́ méjì palẹ̀ nítorí ohun tí èmi ò gbọ́ rárá. Mo rò pé agídí ni. Èmi náà ti ń tú u báyìí, ọmọ mi sì ń wò mí bí mo ṣe wò wọ́n.

Nígbà náà, bí Bàbá àgbà bá ti òde dé lóru, a kì í sùn. Wọn á da owó sórí ẹní, àwọn náírà tí òógùn iwájú orí wọn ti rẹ, àwa ọmọdé la sì máa ń nà án lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó awọ ló kọ́kọ́ ń yọ, nítorí pé bí ìlù bá bẹ́, oúnjẹ dópin. Owó iléèwé ló tẹ̀ lé e. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí, tọkùnrin tobìnrin ló sì lọ síléèwé. Ti Ìyá àgbà, wọn kì í kà á, abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi í sí. Èyí tó bá kù, tí kì í sábà ju owó obì lọ, ló jẹ́ tiwọn.

Níbi ìkómọ kan ni mo ti dójú tì wọ́n. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọwọ́ mi ti yá, àwọn ọmọbìnrin sì ń wò mí. Ọkùnrin kan wọlé tòun ti agbádá, mo bá fi oríkì ìdílé tí mo rò pé ó ti wá kí i. Oríkì àwọn tí ìdílé rẹ̀ ń bá ṣẹjọ́ ilẹ̀ ni mo lù. Ojú rẹ̀ le, kò jókòó, ó gba ibi tó bá wọlé jáde. Bàbá àgbà ò bú mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú mi lọ sílé ọkùnrin náà. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, àwọn fúnra wọn ti dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, níwájú ẹni tó tó ọmọ wọn bí. Ọkùnrin náà sáré gbé wọn dìde, ó ń bẹ̀ wọ́n. Mo ṣì wà nílẹ̀ ní tèmi, mi ò lè gbójú sókè.

Wọ́n gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ní kí n máa lọ pọnmi fún ẹ̀gbọ́n Ìyá àgbà, ìyá arúgbó kan tó mọ gbogbo agboolé. Mo pọnmi, ìyá náà sì ń sọ ẹni tó bí ẹni, ilé tó fẹ́ ọmọ ilé, ẹran tí ìdílé kan kì í jẹ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ tí wọn ò fi ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo délé, mo bá kọ̀ǹgọ́ mi lórí ìṣó tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo máa ń gbọ́ àwọn ọ̀dọ́ onílù níbi àríyá báyìí, gbogbo ẹni tó bá ti inú mọ́tò sọ̀ ni wọ́n ń lu "olówó" fún. Ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n pè?

Ní 2004, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Bàbá àgbà ò jí. Mùsùlùmí ni wọ́n, a ti sin wọ́n kí ìrun Alásárì tó wọlé, kò sì sẹ́ni tó lùlù. Èmi náà ò fọwọ́ kan ìlù títí àdúà ọjọ́ kẹjọ fi kọjá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, àlejò ti lọ tán, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo gbé ìyáàlù wọn kọ́ èjìká, mo jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, mo lu ohùn mẹ́rin náà. Mo kàn fẹ́ pè wọ́n ni.

"Ẹ̀n ẹ́n, mò ń bọ̀."

Ìyá àgbà yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ìlù, wọ́n ń wò mí. Mi ò lè sọ pé àwọn kọ́ ni mo pè. Ọwọ́ mi bá ń lọ fúnra rẹ̀: oníná tó ń mú awọ gbẹ. Wọ́n gbọ́ ọ dópin.

"Awọ yẹn ti rọ̀," wọ́n ní. "Gbé e wá síbi iná."