Ikú Ìyàwó Kàkó àti Àánú Onígbàgbọ́

Ẹni tí ó bá ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1938, yóò mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni ó kọ ọ́. Fágúnwà kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, láti 1926 dé 1929. Orúkọ Ọlọ́run kò sì jìnnà sí ẹnu àwọn ènìyàn inú ìtàn rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wá ẹ̀sìn Krístì nínú ìwé náà, ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ni a máa ń sáré lọ, kí a lè gbọ́ ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ àwọn ọdẹ nínú ilé olójúlé méje. Èrò tèmi yàtọ̀ sí èyí. Ibi tí àánú gbé wà nínú ìwé yìí ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti wàásù.

Ẹ jẹ́ kí a gbé obìnrin méjì yẹ̀ wò. Èkíní ni Ìrànlọ́wọ́. Nígbà tí ìpọ́njú dé bá Àkàrà-Ògùn nínú igbó, obìnrin yìí yọ sí i, ó sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn gbangba: Ọlọ́run kì í fi ẹni tirẹ̀ sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin náà ti sọ gbogbo rẹ̀ tán kí ìtàn tó sọ ọ́.

Èkejì ni ìyàwó Kàkó. Nígbà tí Kàkó fẹ́ bá Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó, obìnrin náà dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fi òun sílẹ̀. Kàkó bínú, ó yọ àdá, ó sì ṣá a. Bí ẹ̀mí rẹ̀ ti ń bọ́ lọ, orúkọ ọkọ rẹ̀ ni ó ń pè. Ẹ̀rù ba Àkàrà-Ògùn, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kò dúró.

A lè sọ pé iṣẹ́ ọba ni wọ́n ń lọ jẹ́, àti pé ire gbogbo ìlú ju ti ẹnì kan lọ. N kò gbà. Ará Samáríà inú Ìhìnrere Lúùkù pàápàá ń lọ sí ìrìn-àjò, ṣùgbọ́n ó dúró ti ẹni tí a ṣá lọ́gbẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́ tí Fágúnwà ti kàwé, Dókítà George Green ti dé láti 1907. Iṣẹ́ ìyìn rere ni a rán an, ṣùgbọ́n kò ré aláìsàn kọjá nítorí ìwàásù. Ìtọ́jú aláìsàn ni ó di ìwàásù rẹ̀. Ní 1923 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ṣí ilé ìwòsàn wọn níbẹ̀, èyí tí ó padà di Bowen University Teaching Hospital. Wọ́n sì dá ibùdó sílẹ̀ fún àwọn adẹ́tẹ̀, tí àwọn ará ilé wọn kò fẹ́ fi ojú kàn.

Ǹjẹ́ a ó ha dá Fágúnwà lẹ́bi bí? Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kàkó kò ṣàánú, Àkàrà-Ògùn kò rí ju ẹ̀rù lọ, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò jẹ́ kí obìnrin náà kú láìfọhùn. Ó lè kọ ọ́ pé ó kú, kí ó sì máa bá ìtàn lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìfẹ́ lẹ́nu ẹni tí ìfẹ́ pa. Àwọn akọni ti lọ, ohùn náà kò lọ. Bí a ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ Ìrágbèje níwájú, ẹni tí ó ní etí yóò ṣì máa gbọ́ ọ lẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí a bá tún ń wá ìgbàgbọ́ nínú ìwé Yorùbá, kí a má ṣe ka iye ìgbà tí a dárúkọ Ọlọ́run. Kí a béèrè ẹni tí a fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí a sì wò ó bóyá òǹkọ̀wé dúró tì í.