Orúkọ Kan, Dísìkì Méjì

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní 2020 ló hàn sí gbogbo ayé pé Western Digital ti ń ta àwọn WD Red kan, láti 2TB dé 6TB, tó ń lo SMR, láìsọ fún oníbàárà. Nínú SMR, ìlà dátà ń gun ara wọn bíi páànù òrùlé. Bí a bá fẹ́ tún ọ̀kan kọ, àfi ká tún àwọn tó tẹ̀ lé e kọ. Bí dísìkì kan bá kú nínú sáfà ZFS, àtúntò sórí irú èyí lè fà gan-an, ó tiẹ̀ lè kùnà.

N ò bá SMR wí; ó wúlò fún ohun tí a kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúkọ ni mo bá wí. Lẹ́yìn ariwo ni wọ́n tó ya CMR sọ́tọ̀ ní "Red Plus".

Ẹni tó ń tọ́jú ohùn àgbà tó ti kú, ta ni yóò tún gbà sílẹ̀? Ẹ má wo pupa ara dísìkì. Ẹ ka nọ́ńbà: láàárín 2TB sí 6TB, EFAX ni SMR, EFRX ni CMR. Kí ẹ sì ní ẹ̀dà níbòmíràn. Dísìkì méjì nínú àpótí kan, iná kan náà ló ń jó wọn.