Àpótí Kékeré Tó Gba Òkè Òrè Kọjá

Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Òrè, níbi tí àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó, àwọn tó ń lọ sí Benin àtàwọn tó fẹ́ yà sí Oǹdó tàbí Okìtìpupa ti ń pàdé, yóò gbọ́ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Tírélà á máa bọ̀ tagbára tagbára, awakọ̀ á tẹ họ́ọ̀nù mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀, ohùn họ́ọ̀nù á ga, á há. Gẹ́rẹ́ tó bá ré kọjá, ohùn ọ̀hún á rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n pààrọ̀ họ́ọ̀nù. Wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan. Eré tí ọkọ̀ ń sá ló ń ki ìgbì ohùn pọ̀ níwájú, tó sì ń fà á gùn lẹ́yìn.

Ohun kan náà ló ń ṣe rédíò tó bá wà nínú sátẹ́láìtì, àmọ́ eré tiẹ̀ kọjá ti tírélà. Èyí tó bá wà ní nǹkan bí irínwó kìlómítà sókè ń sáré ju kìlómítà méje ààbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bó bá wà lókè Òrè báyìí, kéèyàn tó fara balẹ̀ ka ení dé ẹ̀wá, ó ti dé òkè Àkúrẹ́. Láàárín ọdún 2017 sí 2019, ọ̀kan wà tó ń gba òkè Odígbó, ìjọba ìbílẹ̀ tí Òrè wà, kọjá bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an, nítorí FUTA, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ló ni ín. Orúkọ rẹ̀ ni NigeriaEduSat-1. Gbogbo ìhà rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju bíi kìlógíráàmù kan. Ọmọdé lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Ìròyìn rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé e lọ ni àwọn èèyàn gbọ́ jù. Èmi, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló wù mí kí n yẹ̀ wò, nítorí mi ò tíì rí àpẹẹrẹ mìíràn tó fi ohun tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sátẹ́láìtì jẹ́ hàn mí yéké tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó kọ́ ọ kì í ṣe àgbà ẹnjiníà tó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Àwọn kan ń kàwé gboyè másítà, àwọn kan ń lé oyè ọ̀mọ̀wé, ní Kyushu Institute of Technology ní ìlú Kitakyushu lórílẹ̀-èdè Japan, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mengu Cho. Birds-1 ni wọ́n pe ètò náà, ọdún 2015 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Àpótí márùn-ún tó jọra ni wọ́n kọ́: ti Japan, ti Ghana, ti Mongolia, ti Bangladesh àti tiwa. Fún Ghana àti Bangladesh, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n ní nìyẹn. Nàìjíríà ti ní tirẹ̀ lókè láti ọdún 2003 tí NigeriaSat-1 ti gbéra láti Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. Pé kí yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ ní ti ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ọdún méjì ni ètò náà fún wọn. Láàárín ọdún méjì yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu iṣẹ́ tí àpótí náà máa ṣe, nígbà tí wọ́n ń yàwòrán rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń jó sọ́dà sára bọ́ọ̀dù, nígbà tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lórí tábìlì ìdánwò, nígbà tí wọ́n gbé e sínú àgbá tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, títí dé ìgbà tó bá ń fèsì láti òkè. Nílé-iṣẹ́ ńlá, ẹnjiníà lè ṣiṣẹ́ títí á fi fẹ̀yìn tì láìrí gbogbo ìwọ̀nyí. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ètò yẹn dára: ó kéré tó láti jẹ́ kí ẹnì kan rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ jẹ́ ká mú kámẹ́rà rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹni tó ń bójú tó kámẹ́rà á fẹ́ kí àwòrán dán. Ó wù ú kó lè ya igbó ọba tó wà ní Odígbó, kí wọ́n lè rí ibi tí igi ṣì dúró àti ibi tí wọ́n ti gé e tán. Ó dára. Kó lọ bá ẹni tó ń bójú tó rédíò. Ìyẹn á sọ fún un pé nígbàkígbà tí àpótí bá yọ lókè Àkúrẹ́, kò sí bó ṣe lè pẹ́ ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó wọ̀. Bí a bá ń rán bíìtì 9,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọ̀rọ̀ kan ò sì sọnù lójú ọ̀nà, nǹkan bí báìtì 720,000 ló máa dé ilẹ̀ kó tó lọ. Àwòrán kékeré kan tó ní ojú àmì 640 ní gígùn àti 480 ní ìbú, tí a kò fún pọ̀, gba báìtì tó lé ní 600,000. Ìyẹn ni pé àwòrán kan ṣoṣo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo àkókò tí wọ́n ní nígbà tó bá kọjá lẹ́ẹ̀kan tán. Kámẹ́rà tó dán ju ti ẹ̀yìn fóònù lọ kò wúlò fún ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò fẹ̀ tó láti gbé ẹrù náà jáde.

Kí àwọn méjèèjì tún lọ bá ẹni tó ń bójú tó iná. Oòrùn tó ń bọ́ sára ìhà kan àpótí yẹn kò ju nǹkan bíi wáàtì mẹ́tàlá lọ. Páńẹ́lì tó dára jù lọ kì í rí ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ mú, páńẹ́lì ò sì lè bo gbogbo ojú ìhà náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá délẹ̀, wáàtì bíi méjì ló kù láti ìhà tó kọjú sí oòrùn, kò tó ohun tí ṣájà fóònù ń fún wa nílé. Nínú ìṣẹ́jú 92 tí àpótí fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló ń lò nínú òjìji ayé, níbi tí bátìrì nìkan ti ń bọ́ gbogbo ilé. Rédíò ló ń jẹ iná jù nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí àwòrán dé kíá, iná á lọ; bí a bá ń ṣọ́ iná, àwòrán á pẹ́. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó lè dá ọ̀rọ̀ náà parí.

Ibi tí ẹ̀kọ́ másítà yìí wà nìyẹn lójú tèmi. Ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ rédíò dáadáa ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ kó tó débẹ̀. Ohun tó wá kọ́ ni ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ ti kan ti ẹlòmíì, àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà di ìjà: ẹsẹ̀ wo lára bọ́ọ̀dù ló gbé iná, èwo ló gbé ọ̀rọ̀, ta ló láṣẹ láti pa ta, ìwọ̀n wo ni oníkálukú kò gbọdọ̀ kọjá. Nínú àpótí Birds-1, wọn kò fi wáyà so bọ́ọ̀dù mọ́ bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù ńlá kan ni wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn yòókù á sì wọ inú rẹ̀ bí ìwé ṣe ń tò sórí pẹpẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Yunifásítì Würzburg ní Jámánì ni ọgbọ́n yẹn ti kọ́kọ́ wá, nínú sátẹ́láìtì tiwọn tó ń jẹ́ UWE-3. Wáyà tí kò sí, kò lè já nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń gbọ̀n. Àmọ́ ẹni tó bá yí ẹsẹ̀ kan padà lórí bọ́ọ̀dù ńlá yẹn láìsọ fún ará yòókù ti ba iṣẹ́ gbogbo wọn jẹ́.

Síbẹ̀, ibi tí ojú mi máa ń dúró sí jù ni okùn kan. Okùn ọ̀rá ni, tín-ín-rín, irú èyí tí apẹja ń lò. Antẹ́nà rédíò gùn ju àpótí fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, wọ́n sì fi okùn náà dè é pinpin. Okùn náà fẹnu kan irin kékeré kan tí iná bátìrì lè mú gbóná. Lẹ́yìn tí àpótí bá ti bọ́ sínú òfuurufú, aago inú rẹ̀ á kọ́kọ́ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun, kó lè jìnnà sí ibùdó òfuurufú tí wọ́n ti tú u sílẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ń gbé. Lẹ́yìn ìyẹn, iná á wọ irin, irin á jó okùn já, antẹ́nà á sì ta gbọn-ọn-ran.

Ẹ wo iye iṣẹ́ tó wà nínú okùn yẹn. Ẹni tó mọ irin ló mọ bí antẹ́nà ṣe máa ta tí kò ní kán. Ẹni tó mọ iná ló mọ iye tí irin nílò kó tó gbóná. Ẹni tó ń ṣọ́ bátìrì ní láti rí i dájú pé, nínú òtútù òjìji, iye yẹn ṣì kù nílẹ̀. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló kọ aago náà, tó sì pàṣẹ pé kó tún gbìyànjú bí okùn kò bá já lẹ́ẹ̀kíní. Wọ́n tún dán an wò nínú àgbá tí kò ní afẹ́fẹ́, nítorí ooru kì í rìn níbẹ̀ bó ṣe ń rìn lórí tábìlì. Bí okùn kò bá já, ẹni tó ń tẹ́tí nílẹ̀ kò ní gbọ́ ohùn àpótí. Kò sí ẹni tó máa gun àkàsọ̀ lọ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà, ó sì le. Ènìyàn ń gbé inú ibùdó òfuurufú tí àpótí náà máa gbà kọjá, nítorí náà ilé-iṣẹ́ òfuurufú Japan, JAXA, fi ìbéèrè tẹ̀ lé ìbéèrè: bátìrì ńkọ́, ǹjẹ́ ó lè bú? Nǹkan wo ló ń dí i kó má baà tan iná fúnra rẹ̀? Àwọn súìṣì wà lára àpótí tó jẹ́ pé tí ohun kan bá ṣì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, iná kò lè kọjá. Lẹ́ẹ̀ àti ọ̀dà tó ń tú gáàsì sílẹ̀ níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Gbogbo èyí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ lójú ewé, kí wọ́n sì fi ìdánwò gbè é lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ ìwé kíkọ yìí kì í dùn ún sọ, àmọ́ òun ló ya ẹnjiníà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn mọ ẹ̀rọ tún ṣe.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2017 ló yẹ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX tó gbé wọn lọ síbi ibùdó náà gbéra ní Florida, mànàmáná dá a dúró. Ọjọ́ kẹta ló lọ. Lọ́jọ́ keje oṣù keje ni wọ́n fi àwọn àpótí náà sílẹ̀ láti ẹnu yàrá Kibo ti àwọn ará Japan nínú ibùdó náà.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ àwọn tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, títí kan àwọn tó wà níwájú ẹ̀rọ ní FUTA. Ẹni tó ń tẹ́tí mọ̀ pé àpótí ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbì bíi 437 MHz, àmọ́ bó bá fi rédíò rẹ̀ sí ojú kan, kò ní gbọ́ nǹkan kan tó nítumọ̀. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ìgbì náà á fi bíi 10 kHz ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó bá wà lókè orí gan-an, á bọ́ sí ojú rẹ̀. Bó bá ti ń wọ̀, á tún fi bíi 10 kHz rẹlẹ̀. Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ máa yí rédíò tẹ̀ lé e láì dúró, kí òmíràn máa yí antẹ́nà ilẹ̀ kó lè kọjú sí i. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ní láti mọ ìṣirò rẹ̀ kó tó pàṣẹ fún un. Lékè gbogbo rẹ̀, ìgbì kan náà ni àpótí márààrún ń lò, àwọn orílẹ̀-èdè náà sì jọ ń tẹ́tí fún ara wọn ni, nítorí ẹnì kan ṣoṣo kò lè rí àpótí rẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nígbàkígbà tó bá kọjá.

Afẹ́fẹ́ ṣì wà lókè ibẹ̀, bó tilẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀. Ìyẹn ló ń fa àpótí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn náà sì ni ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rán an lọ wọ̀n. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2019 ló wọ inú afẹ́fẹ́ tó nípọn, ó sì jóná. Wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ohun tí òkè rẹ̀ kò jìnnà, tó sì fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í dá pàǹtírí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, mo sì ka ìyẹn náà mọ́ iṣẹ́ rere.

Àwọn ará Kyushu ti gbé àwòrán bọ́ọ̀dù àti ètò kọ̀ǹpútà àwọn sátẹ́láìtì Birds tó tẹ̀ lé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ wa ní Okìtìpupa, tó jẹ́ pé Òrè ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà kọjá, gbé àwòrán yẹn kalẹ̀ kí wọ́n tú u wò. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Odígbó kò tiẹ̀ nílò kí wọ́n dúró de yunifásítì. Ibùdó òfuurufú tí NigeriaEduSat-1 ti jáde ṣì ń kọjá lókè wọn, rédíò àwọn aláfẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń sọ̀rọ̀ lórí 145.825 MHz. Téèpù oníirin tí káfíńtà fi ń wọn pákó ṣe é gé ṣe antẹ́nà fún un. Kí wọ́n so ó mọ́ rédíò kékeré tó ń wọ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ṣírò ìgbà tó máa yọ, kí wọ́n sì ka iye tí ìgbì náà fi ń yẹ̀ láti ìgbà tó yọ dé ìgbà tó wọ̀. Ó yẹ kó tó bíi 3 kHz sókè àti 3 kHz sísàlẹ̀. Bí ohun tí wọ́n rí bá yàtọ̀ sí iye yẹn, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀.