Ọwọ́ Ta Ló Ṣe É? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Ara Ilé Ìjọsìn ní Kilpeck, Ọ̀yẹ́-Èkìtì àti Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo

Ìfáàrà

Lọ́dọọdún ni a máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Iléṣà lọ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìrìn-àjò náà kì í ṣe ìrìn àlejò fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà, nítorí ìtàn tí a jogún bá ni pé láti Ìpólé, nítòsí Iléṣà, ni Láròóyè àti Olútìmẹ́yìn ọdẹ ti ṣí wá sí etí odò náà. Bí a bá dé ibẹ̀, tí mo bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ta ni ó ṣe àwọn ère àti ògiri tí wọ́n ń wò, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: “Obìnrin Òyìnbó yẹn ni, sà.” Òtítọ́ wà nínú ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n kò pé. Àìpé rẹ̀ ni ó bí iṣẹ́ yìí.

Èrò wa ni pé lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà ilé ìjọsìn kò tíì parí bí ó bá dúró lórí ẹ̀sìn tí ilé náà wà fún àti ẹni tí ó san owó iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ béèrè ọwọ́ tí ó gbẹ́ igi, tí ó la òkúta, tí ó sì po sìmẹ́ńtì. A ó fi ilé ìjọsìn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, kí a tó padà wá sí ilé. Ìdí rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni àwọn lámèyítọ́ ti bá ìbéèrè yìí wọ̀yá ìjà láìní orúkọ ẹyọ kan lọ́wọ́.

Kilpeck: Iṣẹ́ tí kò ní orúkọ

Abúlé kékeré ni Kilpeck, ní agbègbè Herefordshire. Nǹkan bí ọdún 1140 ni a kọ́ ilé ìjọsìn rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́lé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Romanesque ni wọ́n fi kọ́ ọ: ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, orí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì tẹ̀ bí òṣùmàrè. Àwọn Norman tí wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066 ni ó mú kí irú ìkọ́lé yìí gbilẹ̀ níbẹ̀. Orí ẹnu ọ̀nà tí ó tẹ̀ báyìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí a kọ́ ní àrà Àgùdà ní ìlú wa.

Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni ohun tí ó wà lára ilé náà. Orí òkúta 85 ni ó ṣẹ́kù lábẹ́ etí òrùlé rẹ̀. Ajá àti ehoro wà níbẹ̀ tí wọ́n fara ti ara wọn bí ọ̀rẹ́. Obìnrin kan wà tí ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣí abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ní ẹnu ọ̀nà gúúsù, igi kan tí ó ní ewé àti èso ni wọ́n gbẹ́ sí òkè, ejò sì lọ́ mọ́ ara wọn ní ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí ilẹ̀kùn ààfin tí a gbẹ́ ní Èkìtì kò ní béèrè pé kí ni ẹranko ń wá ní ẹnu ọ̀nà ibi ọ̀wọ̀.

Ta ni ó gbẹ́ wọn? A kò rí orúkọ ẹnì kankan. Síbẹ̀ àwọn lámèyítọ́ kò káwọ́ gbera. Wọ́n fi iṣẹ́ Kilpeck wé ti Shobdon àti ti Eardisley tí kò jìnnà sí i. Wọ́n wo bí aṣọ ṣe ṣẹ́ lára ère àti bí ẹ̀ka igi ṣe lọ́ mọ́ra, wọ́n sì rí i pé agbo àwọn agbẹ́kùúta kan náà ni ó ṣiṣẹ́ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ipa ọwọ́ ni wọ́n fi dípò orúkọ.

Ẹ̀kọ́ kejì wà ní Shobdon. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, wọ́n wó ilé ìjọsìn náà, wọ́n sì kó àwọn òkúta ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sí orí òkè láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Òjò àti òtútù jẹ ọnà ara wọn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Àwòrán tí a yà, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1852, ni a fi ń mọ púpọ̀ nínú ohun tí ó wà lára wọn tẹ́lẹ̀.

Ọ̀yẹ́-Èkìtì: Ìtàn ìjọ, ọwọ́ agbẹ́gilére

Ní ọdún 1947, ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fáda Kevin Carroll ni ó ń bójú tó o títí tí ó fi kógbá sílé ní 1954. Lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Àreògún ará Òsì, àti Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni Lámídì títí ó fi kú ní ọdún 2009, bẹ́ẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn Àgùdà.

Èrò kan wọ́pọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, pé ẹ̀wù ìgbàgbọ́ lásán ni wọ́n wọ̀ fún ère òrìṣà, àti pé Fáda ni ó ń sọ ohun tí wọn yóò gbẹ́. A kò fara mọ́ èrò náà. Lóòótọ́, ìjọ ni ó ni ìtàn: Màríà àti ọmọ rẹ̀, àti àwọn ọba tí ó mú ẹ̀bùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìhun iṣẹ́ náà. Orí tóbi ju bí ara ṣe béèrè lọ, nítorí orí ni àgbà ara lójú Yorùbá. A pín ilẹ̀kùn sí ìpele ìpele, àwòrán kan lórí èkejì, bí Àreògún ṣe máa ń pín tirẹ̀. Fáda kọ́ ni ó mú ìwọ̀n yìí wá. Nígbà tí Lámídì gbẹ́ ère Odùduwà fún Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, tí kò sí Fáda kankan nítòsí, ìwọ̀n orí sí ara yẹn náà ni ó tẹ̀ lé. Kí a má sì gbàgbé pé Carroll fúnra rẹ̀ kọ orúkọ àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967. Ó yẹ kí a yìn ín fún ìyẹn.

Ẹni tí ó bá sọ pé Yorùbá kì í fi orúkọ agbẹ́gilére pamọ́ kò tíì gbọ́ ti Ọlówè ará Ìsẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni a pàtẹ ní Wembley ní ọdún 1924, ó sì di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pẹ́ kí àwọn olùwòran níbẹ̀ tó mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Orúkọ wà nílé. Àwa tí a ń kọ̀wé ni a kò béèrè.

Igbó Ọ̀ṣun: Ọ̀pọ̀ ọwọ́, orúkọ kan

Graz ní ilẹ̀ Austria ni a ti bí Susanne Wenger ní ọdún 1915. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó di abọ̀rìṣà, a sì ń pè é ní Àdùnní Olórìṣà. Nígbà tí igbó náà ń bàjẹ́, tí àwọn kan sì ń wá ilẹ̀ rẹ̀ gbà, ó wà lára àwọn tí ó dìde. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 ni Àdùnní kú.

Kò dá a ṣe. Àdébísí Àkànjí jẹ́ bíríkìlà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú igbó. Káfíńtà ni Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Agbẹ́gilére ni Kàsálì Àkàngbé Ògún. Àdùnní fúnra rẹ̀ kò fi wọ́n pamọ́. Àwa ni a sọ ọ̀pọ̀ ọwọ́ di orúkọ kan.

Bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ọwọ́ wọn yàtọ̀ síra. Ère Àdùnní máa ń ga, ó máa ń na apá, kì í dúró ṣánṣán. Ìyá Mọ̀ọ́pó jẹ́ àpẹẹrẹ. Ère òkúta Gbàdàmọ́sí kúrú, ojú rẹ̀ ṣe roboto, ó sì yọ síta. Ojú ère Kàsálì tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ara rẹ̀ sì ń wọ́ bí omi. Ti Àkànjí ni ènìyàn àti ẹranko kéékèèké tí ó tò sí ara ògiri, nítorí iṣẹ́ ọnà ara ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Níbi tí ọwọ́ méjì bá ti dàpọ̀, kí lámèyítọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó ronú ère ńlá nílò ẹni tí ó mọ bí sìmẹ́ńtì ṣe ń di irin mú.

Ìgúnlẹ̀

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn nìkan ni èyí. Ẹrẹ̀ àti sìmẹ́ńtì wà nínú òjò ní Òṣogbo gẹ́gẹ́ bí òkúta ṣe wà nínú òjò ní Shobdon. Bí ògiri bá là, ẹni tí yóò tún un ṣe gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun mìíràn ni yóò mọ síbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Iléṣà tí mo mọ̀ dáadáa. Fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ lórí bí ti Kilpeck, bíríkìlà ìlú wa kan ni ó sì fi ọwọ́ ṣe é. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n wó gbogbo rẹ̀, wọ́n fi fèrèsé onígun mẹ́rin rọ́pò. Orúkọ bíṣọ́ọ̀bù àti ti àwọn ọlọ́rẹ wà lára òkúta ìpìlẹ̀. Ti bíríkìlà kò sí níbẹ̀. Mo bi ìyá àgbà kan nínú ìjọ náà bóyá ó mọ ẹni tí ó ṣe fèrèsé àtijọ́. Kò ronú rárá. Ó dárúkọ ọkùnrin náà, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó sì fi oríkì ilé wọn lé e.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní iṣẹ́ kan kí a tó lọ sí Òṣogbo: kí olúkúlùkù lọ sí ilé ìjọsìn àdúgbò rẹ̀, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláàsì tàbí ojúbọ, kí ó wá orúkọ ẹnì kan tí ó fi ọwọ́ kọ́ ọ, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń darúgbó.